Títún ohùn áńpù gìtá kékeré onífáàfù ṣe

Áńpù gìtá oníwáàtì márùn-ún tó ní fáàfù (gíláàsì gbígbóná tó ń gbé ohùn ga) méjì péré, 12AX7 kan níwájú àti EL84 kan lẹ́yìn, máa ń dùn bí èèyàn bá dá jókòó tì í nínú yàrá. Ẹ gbé e dé ibi ìdánrawò ṣọ́ọ̀ṣì ní Tánkẹ̀, tàbí kí àwọn onijùjú gbé e lọ òde ìnáwó ní Ọ̀fà, wàhálà dé: okùn ìsàlẹ̀ á wú, ohùn kò ní já gaara, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tí gìtá ń wí. Gìtá báàsì, kóńgà àti gángan ti gba ìsàlẹ̀ tán. Èyí tí áńpù tún ń dà lé e kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, òun ló sì ń kọ́kọ́ rẹ EL84. Nítorí náà, iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbí ni dídín ìsàlẹ̀ kù kó tó dé fáàfù. Ẹni tó bá ń wá ariwo sí i, kó lọ ra áńpù ńlá.

Iná inú áńpù yìí ń pa èèyàn. Nǹkan bí fóòtì 300 ló ń gbé lórí àwọn kàpásítọ̀ ńlá, àwọn tó ń tọ́jú iná pamọ́, ó sì lè wà níbẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Ẹ wá rísísítọ̀ 2.2k oníwáàtì 5, ẹ fi wáyà tó ní kílíìpù lẹ́nu so apá kan rẹ̀ mọ́ páànù áńpù (irin tí wọ́n kan gbogbo nǹkan mọ́), kí ẹ fi apá kejì, èyí tí ẹ ti fi rọ́bà bò, kan ẹsẹ̀ + kàpásítọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ẹ fi mítà wò ó. Tí kò bá tíì wálẹ̀ sábẹ́ fóòtì 10, ẹ tún un ṣe. Súkúrúdíráfà tí àwọn kan fi ń ṣá a kò dáa rárá. Tí ẹ bá fẹ́ wọn nǹkan nígbà tí iná wà nínú rẹ̀, ẹ fi kílíìpù gbé wáyà dúdú mítà mọ́ páànù, kí ọwọ́ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́, ìkejì wà lápò. Ẹ má sì tàn án láìsí sípíkà lẹ́nu rẹ̀: tiráńsífọ́mà tó ń gbé ohùn lọ fún sípíkà ló máa jó.

Ẹ kọ́kọ́ wo iná ilé. Ọ̀pọ̀ áńpù tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ti fóòtì 120 ni. Láìsí stẹ́pídáùn (tiráńsífọ́mà tó ń dín iná kù), 230 tiwa á jó o. Èyí tí wọ́n kọ 220 sí náà ò bọ́. Tí iná ìlú bá gun 245 lóru, fóòtì 6.3 tó ń mú fáàfù gbóná á di 7, bẹ́ẹ̀ 5.7 sí 6.9 ni fáàfù lè gbà. Ẹ yí mítà sí AC, kí ẹ wọn láàárín ẹsẹ̀ 4 àti 5 EL84. Tó bá kọjá, sítábíláísà ni ẹ nílò, kì í ṣe fáàfù tuntun. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ti yí ìyára rẹ̀ sókè kí gílóòbù lè mọ́lẹ̀ burú ju iná ìlú lọ.

Kí sóódà tó kan nǹkan kan, ẹ gbìyànjú sípíkà mìíràn. Ẹ fa wáyà lọ sí kábíńẹ́ẹ̀tì sípíkà íńṣì 10 tàbí 12, kí óómù wọn bára mu: ibi tí wọ́n kọ 8 sí, 8 ni kí ẹ kì bọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bú áńpù, sípíkà íńṣì 8 inú pákó tín-ín-rín yẹn ló yẹ kó bú.

Tí ohùn bá ṣì wú, ó kan ṣíṣí. Ẹ wo àwòrán áńpù yín kí ẹ lè mọ cathode (ẹ̀yà fáàfù tí iná ti ń gbéra) ìpele kìíní 12AX7. Ẹsẹ̀ 3 tàbí 8 ni. Rísísítọ̀ 1.5k ló sábà máa ń wà láàárín rẹ̀ àti páànù, pẹ̀lú kàpásítọ̀ 22 tàbí 25 µF ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kàpásítọ̀ tó tóbi tó báyìí ń jẹ́ kí fáàfù gbé gbogbo ìró ga dọ́gba, títí kan ohun tó rẹlẹ̀ ju okùn E ìsàlẹ̀ gìtá lọ, tí kò kọjá 82 Hz (iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi 1 µF rọ́pò rẹ̀. Láti nǹkan bí 200 Hz wálẹ̀, agbára á máa rọ títí á fi kù tó ìdajì. Kò ní parẹ́, á kàn yé rọ́ gìrọ́gìrọ́. 0.68 µF á gbé e dé nǹkan bí 300 Hz. Ó dáa fún ẹni tó ń ta ohùn òkè jùjú, àmọ́ fún ẹni tó ń mú kọ́ọ̀dù lábẹ́ orin ìyìn, á tín-ín-rín jù. Tí kàpásítọ̀ bá ní àmì + lára, cathode ni + ń kọjú sí.

Ẹ dá a padà, kí ẹ ta á pẹ̀lú àwọn onílù kí ẹ tó fọwọ́ kan àtúnṣe kejì. Nígbàkígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sóódà ṣiṣẹ́ tán, ẹ jẹ́ kí iná gba inú gílóòbù oníwáàtì 60 àtijọ́ wọlé. Tí gílóòbù náà bá tàn yòò tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò wálẹ̀, nǹkan ti kanra níbì kan. Ẹ yọ ọ́ kíá.

Àtúnṣe kejì ni kàpásítọ̀ tó ń gbé ohùn láti plate 12AX7 (ibi tí ohùn ti ń jáde nínú fáàfù) lọ sí ẹsẹ̀ 2 EL84, ìyẹn grid rẹ̀, ibi tí ohùn ń gbà wọlé. Tó bá jẹ́ 0.022 µF pẹ̀lú rísísítọ̀ 220k tó so ẹsẹ̀ 2 mọ́ páànù, láti 33 Hz wálẹ̀ ló ti ń gé. 0.01 µF á gbé e sí 72, 0.0047 á gbé e sí 154. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0.01, kó jẹ́ ti fóòtì 400 tàbí 630, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà, tí èyí bá sì jò, iná plate á wọ grid EL84, fáàfù á pọ́n bí ẹyin iná, á sì kú. Ẹ wọn DC ẹsẹ̀ 2 lẹ́yìn náà: òdo ló yẹ kí ẹ rí. Tí áńpù bá ń súfèé, wáyà plate ti sún mọ́ wáyà grid jù. Ẹ yà wọ́n.

EL84 kò gbọdọ̀ jẹ ju wáàtì 12 lọ lórí plate. Ẹ wọn fóòtì orí rísísítọ̀ cathode rẹ̀ ní ẹsẹ̀ 3, kí ẹ fi óómù pín in. Ká ní ẹ rí fóòtì 10.5 lórí óómù 220: mílíámù 47.7 nìyẹn. Ẹ yọ nǹkan bí 4 tí screen (ẹ̀yà mìíràn nínú EL84) ń gbà, ó ku 43.7. Tí plate bá fi fóòtì 290 ga ju cathode lọ, wáàtì 12.7 ló ń jẹ, ó ti kọjá. Ẹ fi 270 oníwáàtì 5 rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n.

Tó bá ń kùn, ẹ tẹ okùn E ìsàlẹ̀ ní fíréètì kẹta. Ìró G yẹn jẹ́ 98 Hz. Tí kíkùn náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu, kàpásítọ̀ ńlá ló ti gbó: ẹ fi tuntun sí i, ẹ sì lè gbé ìkejì wọn láti 22 dé 47 µF ti fóòtì 450. Ẹ má fi kún èkíní tí áńpù yín bá tún ní fáàfù rectifier (èyí tó ń sọ iná AC di DC) bíi 5Y3. Tí kíkùn bá wà ní ọ́kítéèfù kan sísàlẹ̀ G yẹn, ìyẹn G tó rẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, wáyà tó ń mú fáàfù gbóná ni. Ẹ lọ́ méjèèjì pọ̀, tí tiráńsífọ́mà kò bá sì ní wáyà àárín, ẹ fi rísísítọ̀ 100 óómù kọ̀ọ̀kan so wọ́n mọ́ páànù. Iná ìlú ni kí ẹ fi ṣe àyẹ̀wò yìí, torí ti jẹnẹrétọ̀ kì í dúró lójú kan.

Fún ohùn tó mọ́ ju báyìí lọ, ẹ yọ 12AX7, kí ẹ fi 12AY7 sí i. Ẹsẹ̀ wọn bára mu, agbára rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ óò lè yí fọ́líọ̀mù sókè díẹ̀ kó tó máa ya.