Bí Mo Ṣe Fi Etí Ara Mi Gbọ́ Ihò Dúdú Méjì Tó Kọlu Ara Wọn

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ya gíráàfù yẹn, òkun tó ń ru ni mo rí. Èmi ti rò pé bí mo bá ti ṣí fáìlì náà, ihò dúdú (black hole), ohun ojú ọ̀run tí agbára òòfà rẹ̀ le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò lè jáde nínú rẹ̀, á kàn yọjú ni. Irọ́ ni.

Ọ̀fẹ́ ni fáìlì ọ̀hún. Àwọn LIGO, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ńlá méjì ní Amẹ́ríkà ṣọ́ ìgbì gravity (bí ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ ṣe ń mì nígbà tí nǹkan tó wúwo gan-an bá kọlu ara wọn), kó o sórí GWOSC, ìkànnì dátà wọn, fún ẹni tó bá fẹ́. GW150914 ni mo mú, ìgbì gravity àkọ́kọ́ tí aráyé gbá mú, ní September 14, 2015, nígbà tí aago wa lu 10:50 àárọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 32 péré ni mo gbé, láti Hanford ní ìpínlẹ̀ Washington àti Livingston ní Louisiana. Kò jẹ dátà rárá, bíi mẹ́gábáìtì kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Python, èdè kọ̀ǹpútà, ni mo fi ṣe é, pẹ̀lú GWpy, irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún irú dátà yìí. Gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju kéèyàn sẹ́ ariwo kúrò lára ohùn bí ẹni ń sẹ́ ògì. Ohun tí kò mì tó ìgbà 35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo gé e dànù, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ tó ń gbọ̀n wà. Èyí tó ju 350 lọ náà, mo gé e. Síbẹ̀ òpó kan dúró gangan ní 60. Mo wò ó títí kó tó yé mi: iná mànàmáná Amẹ́ríkà ni! 60 ni tiwọn. Tiwa, lọ́jọ́ tó bá wà, 50 ni. Mo yọ ìyẹn náà.

Bí ariwo ṣe lọ tán, nǹkan kékeré kan yọrí. Ó ń yára sí i, ó ń ga sí i, lójijì ó kú fin. Kò ju ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ihò dúdú tó wúwo tó oòrùn 36 ló dà pọ̀ mọ́ èyí tó tó oòrùn 29, wọ́n wá di 62. Oòrùn 3 tó kù ló di ìgbì, ó sì fi nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 1.3 rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ibi tó ti fẹ́ẹ́ pa mí ni ìgbà tí mo gbé ti Hanford lé ti Livingston. Livingston ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nǹkan bí ìdá méje nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú. Mo ti sún un fún ìyẹn. Síbẹ̀, ibi tí ọ̀kan bá ti gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tú kóòdù mi wò. Àṣé apá ẹ̀rọ méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní kìlómítà 4, kò kọjú síbì kan náà, mo sì gbọ́dọ̀ da ọ̀kan dojú dé. Àmì ìyọkúrò kan ṣoṣo! Bí mo ṣe fi í síwájú báyìí, wọ́n lẹ̀ mọ́ra.

Mo wá sọ ọ́ di ohùn, mo gbé e sókè díẹ̀ kí etí lè gbà á, mo ki ẹ́píìsì bọ etí. *Wúùp.*

Àbúrò mi gba ẹ́píìsì náà. Ó ní, “Bọ̀dá, ṣé torí èyí lẹ ò ṣe sùn?”

Mo ní kó tún un gbọ́.

Ti ìràwọ̀ neutron méjì (òkú ìràwọ̀ kékeré tó wúwo gan-an) tó kọlu ara wọn, GW170817, ló kàn báyìí. Ìyẹn gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 100, ariwo ńlá kan sì há sínú ti Livingston nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Mo ṣì ń wá bí mo ṣe máa yọ ọ́.