Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀yà Onígun Mẹ́ta Ṣe Ìṣirò Irin Pẹlẹbẹ Tí A Ń Fà

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìṣirò finite element, èyí tí a fi ń pín nǹkan sí ẹ̀yà kéékèèké kí a lè ṣírò bí ó ṣe ń nà tàbí tẹ̀, yé òun dájú, kí ó kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà tì, kí ó mú bébà, kí ó sì yan ìbéèrè tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yà onígun mẹ́ta wà lára ohun tí Turner, Clough, Martin àti Topp fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1956 lórí bí ara ọkọ̀ òfuurufú ṣe le tó, n kò sì tíì rí èyí tí ó dára jù ú lọ láti fi kọ́ ènìyàn.

Ẹ mú irin pẹlẹbẹ kan tí ó gùn ní 200 mm, tí ó ga ní 100 mm, tí ó sì nípọn ní 10 mm. E rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń kọ̀ láti nà tó, jẹ́ 200,000 N/mm², ìwọ̀n Poisson rẹ̀, ν, tí ó ń sọ bí ó ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ tó bí ó bá ń nà, sì jẹ́ 0.3. A di etí òsì rẹ̀ mú, a sì fi 20,000 N fa etí ọ̀tún. Ẹ fa ìlà kan láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì dé igun òkè lápá ọ̀tún, kí ó lè di igun mẹ́ta méjì. Igun kọ̀ọ̀kan ni a ń pè ní kókó, a sì ń kọ x àti y rẹ̀ ní mm: kókó 1 wà ní (0, 0), kókó 2 ní (200, 0), kókó 3 ní (200, 100), kókó 4 sì ní (0, 100). Ẹ̀yà kìíní ni 1, 2, 3. Ẹ̀yà kejì ni 1, 3, 4. Ẹ kà wọ́n ní òdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, nítorí pé bí ẹ bá kà á sódì kejì, ìwọ̀n ojú ẹ̀yà náà yóò já sí iye tí ó kéré sí òdo, gbogbo ohun tí ó kù yóò sì dàrú.

Fún kókó kọ̀ọ̀kan, b ni y kókó tí ó tẹ̀ lé e, tí a yọ y kókó kẹta kúrò nínú rẹ̀. Iye c sì ni x kókó kẹta, tí a yọ x èyí tí ó tẹ̀ lé e kúrò. Nínú ẹ̀yà kìíní, b jẹ́ −100, 100 àti 0, c sì jẹ́ 0, −200 àti 200. Àròpọ̀ b gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, ti c náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe kọjá ibẹ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlọ́po méjì ìwọ̀n ojú ẹ̀yà náà, 2A, jẹ́ 20,000 mm².

Ìsún kókó kan sí apá x ni u, ìsún rẹ̀ sí apá y sì ni v. Mátíríìsì B, àtẹ nọ́ńbà tí ó ń sọ ìsún di strain (bí nǹkan ṣe nà tó sí gígùn rẹ̀), ní ìlà mẹ́ta: b wà ní ìlà kìíní fún ìsún u, c wà ní ìkejì fún ìsún v, ìkẹta sì ní c fún u àti b fún v, gbogbo rẹ̀ ni a ó fi 2A pín. D, tí ó ń sọ strain di stress (agbára tí a pín sí ìwọ̀n ojú tí ó gbé e), ni E/(1−ν²) ìlọ́po mátíríìsì onílà mẹ́ta [1, ν, 0; ν, 1, 0; 0, 0, (1−ν)/2]. Líle ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni k = tABᵀDB, tí ó ní ìlà mẹ́fà àti òpó mẹ́fà; t ni ìnípọn irin náà, A ni ìwọ̀n ojú ẹ̀yà, Bᵀ sì ni B tí a sọ ìlà rẹ̀ di òpó.

Lẹ́yìn èyí, a ó so wọ́n pọ̀ bí télọ̀ ṣe ń so aṣọ méjì ní ojú rírán: kókó 1 àti 3 ni ẹ̀yà méjèèjì jọ ní, nítorí náà ni a ṣe ń ro iye wọn pọ̀ níbẹ̀, tí mátíríìsì ńlá náà sì ní ìlà mẹ́jọ. Ẹ di kókó 1 pa pátápátá, ṣùgbọ́n kí ẹ di u nìkan ní kókó 4. Irin tí a ń fà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Bí ẹ bá di v níbẹ̀, ẹ ti yí ìbéèrè náà padà. Ẹ fi 10,000 N sí kókó 2 àti 10,000 N sí kókó 3, kí ẹ sì yanjú ìdọ́gba márùn-ún tí ó kù.

Ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ u = 0.02 mm ní kókó 2 àti 3, àti v = −0.003 mm ní kókó 3 àti 4. Tí ẹ bá fi DB ṣe ìlọ́po àwọn ìsún wọ̀nyí, stress yóò jẹ́ 20 N/mm² nínú ẹ̀yà méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí 20,000 N tí a pín sí 1,000 mm² (gíga 100 mm ìlọ́po ìnípọn 10 mm) ṣe sọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àṣìṣe wà.

Ìdí tí ó fi bá a mu ni pé strain kan ṣoṣo ni ẹ̀yà yìí lè ní láti igun dé igun. Ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ wà: irin tí a tẹ̀ máa ń nà ní apá kan, ó sì máa ń sún kì ní apá kejì, èyí tí igun mẹ́ta ńlá kò lè ṣe, nítorí náà yóò le ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ fi ẹrù tẹ etí ọ̀tún irin yìí sísàlẹ̀, kí ẹ lo ẹ̀yà 2, kí ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin kí ó di 8, lẹ́yìn náà 32, kí ẹ sì máa kọ bí etí náà ṣe lọ sísàlẹ̀ tó sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Iye náà yóò máa pọ̀ sí i. Ẹ máa gé e lọ títí ohun tí ó ń fi lé e kò fi ní tó nǹkan mọ́.