Ó Dé, Ṣé Ó Pé? Bí A Ṣe Ń Fi Sọ́fúwíà Ọ̀fẹ́ Kó Fáìlì Gba Orí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

"Ọ̀gá, ó ti parí o." Ohun tí ọmọọṣẹ́ mi sọ nìyẹn lálẹ́ Sátidé kan ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, nígbà tí a dé láti òde ìyàwó kan ní Òkè-Ìléwó. Ó ti ki káàdì kámẹ́rà bọ láptọ́ọ̀pù, ó sì ti fi FileZilla kó fídíò náà gba Wi-Fi lọ sí hard disk tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá. Mo wo inú fódà, mo rí fáìlì níbẹ̀ lóòótọ́. A pa ohun tó wà lórí káàdì rẹ́, a sì gbé kámẹ́rà lọ síbi ìsọmọlórúkọ láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo tó fẹ́ ṣí fídíò. Kò ṣí. Fáìlì tó jẹ́ 5.7 GB lórí káàdì, 4 GB péré ló dé. Kámẹ́rà wa máa ń kọ atọ́ka fídíò sí ìparí fáìlì, nítorí náà bí ìparí ò bá dé, ẹ̀rọ ò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ kíkà.

FileZilla ò kúkú parọ́ fún wa. Ó kọ ọ́ sí "Failed transfers" nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, àwa ni a ò wo ibẹ̀. Bí mo ṣe bẹ ìyá ìyàwó, ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka àléébù àwọn sọ́fúwíà tó ń kó fáìlì láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn bí ẹni ń ka lẹ́tà. FileZilla, rsync, LocalSend àti Syncthing, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì ṣí kóòdù wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ohun tí mo fẹ́ràn lára wọn ni pé wọn kì í fi àbùkù wọn pamọ́. Ẹ tẹ man rsync, àṣẹ tó ń ṣí ìwé ìlò rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux dípò Windows, kí ẹ lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó rí ìsọ̀rí kan tí wọ́n pè ní BUGS, ìyẹn àléébù. Àwọn tó ṣe é ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ síbẹ̀. Aládìrẹ wo ní Ìtòkú ló máa sọ fún yín pé aró òun máa ń ṣí? (Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ìyá wa.)

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ibi tí ẹrù ń lọ

Ohun tó mú wa lọ́jọ́ yẹn ni FAT32, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń to dísíìkì. Hard disk tàbí fúláàṣì tí wọ́n bá fi FAT32 tò kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju báìtì 4,294,967,295 lọ, ìyẹn 4 GB. Kò sí sọ́fúwíà tó lè ràn án lọ́wọ́. Ní orí Windows, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán dísíìkì náà, ẹ yan Properties, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí iwájú File system. Lórí Linux, df -T yóò sọ ọ́, vfat ló máa ń pè é níbẹ̀. Bó bá jẹ́ FAT32, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síta, kí ẹ tó tún un tò ní exFAT. Títún tò yẹn máa ń pa gbogbo nǹkan rẹ́, ẹ jọ̀ọ́.

FAT tún ní ìwà kejì. Ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì ló fi ń ka àkókò tí a tún fáìlì ṣe kẹ́yìn. Rsync ní tirẹ̀, bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fáìlì ti yí padà, ìwọ̀n rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ nìkan ló máa ń wò. Bí àkókò bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré yàtọ̀, ó di fáìlì tuntun lójú rẹ̀, yóò sì tún un kó. Ẹ ó kàn rí i pé ẹrù tí ẹ kó lánàá ló tún ń kó lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú BUGS tí mo sọ lókè. Ẹ fi --modify-window=1 sí àṣẹ yín, ó parí.

Ìgbésẹ̀ kejì: orúkọ fáìlì

Àwa tí à ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, kì í sì í sí nínú ìmọ̀ràn àwọn òyìnbó.

Mo ṣí fódà kan lọ́dún tó kọjá, mo bá fáìlì méjì tí orúkọ wọn jẹ́ Ọ̀rọ̀ Ìyàwó.mp4. Kò sí kọ̀ǹpútà tó yẹ kó gba orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú fódà kan. Ojú tèmi ni wọ́n ti jọra, lójú kọ̀ǹpútà wọn ò bára tan. Ó ju ọ̀nà kan lọ tí ẹ̀rọ lè gbà kọ ọ̀. Ó lè mú ọ tó ti ní àmì lábẹ́ tẹ́lẹ̀, kó wá fi àmì ohùn lé e lórí. Ó sì lè mú o lásán, kó fi àmì abẹ́ sí i, kó tún fi àmì ohùn sí i. Lójú wa, lẹ́tà kan ni. Linux ń wo báìtì tó wà nídìí rẹ̀, báìtì wọn ò sì bára mu. Àwọn Mac tó ń lo ìtòlẹ́sẹẹsẹ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní HFS+ máa ń tú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ palẹ̀ fúnra wọn. Bí ẹ bá kó fáìlì láti ibẹ̀ lọ sí Linux, tí ẹlòmíràn sì ti fi bọ́tìnnì tirẹ̀ tẹ orúkọ kan náà síbẹ̀, ẹ ti bí ìbejì nìyẹn.

Rsync ní oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá ń pàṣẹ láti orí Mac lọ sí Linux, ẹ fi --iconv=utf-8-mac,utf-8 sí i. Rsync 3.0 sókè ló mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń bá Mac wá látilé, 2.6.9 ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹ fi tuntun síbẹ̀.

Orúkọ fáìlì kì í sì í ju báìtì 255 lọ lórí Linux. Lẹ́tà "o" lásán jẹ́ báìtì kan, "ọ̀" jẹ́ márùn-ún. Oníbàárà tó bá ní kí ẹ kọ orúkọ ìyàwó, orúkọ ọkọ, orúkọ ìdílé méjèèjì àti oríkì sí orúkọ fáìlì yóò kún un kíá. Ní ìlú tí Henry Townsend ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá jáde ní 1859, ó ṣì ń dùn mí pé àmì abẹ́ lẹ́tà wa ń da kọ̀ǹpútà láàmú. Àmọ́ iṣẹ́ niṣẹ́: oro-iyawo-kamera1.mp4 ni mo máa ń kọ báyìí, kò sí àmì, kò sí àlàfo. Orúkọ gidi pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ á wà nínú fáìlì ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú fódà náà.

Ẹ má sì kọ aago sí orúkọ fáìlì bíi 2:30. Linux á gbà á, Windows ò ní gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ? * " < > | àti ìlà wíwọ́ \; ìlà wíwọ́ / ní tirẹ̀, Linux pàápàá ò ní gbà á. Bí ẹ bá ní Ake.jpg àti ake.jpg nínú fódà kan lórí Linux, bí wọ́n bá dé Windows, ọ̀kan lè gorí èkejì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ̀nà tí ẹrù ń gbà

Láti fóònù sí láptọ́ọ̀pù, LocalSend ló rọrùn jù. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, Wi-Fi kan náà ni kí ẹ̀rọ méjèèjì wà. Ẹjọ́ tí mo máa ń gbọ́ ni "kò rí fóònù mi." Nígbà púpọ̀, LocalSend kọ́ ló jẹ̀bi. Ráútà ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí gbọ̀ngàn àríyá máa ń ya àwọn àlejò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà rí ara wọn, "AP isolation" ni wọ́n ń pè é. Bí ráútà bá jẹ́ tiyín, ẹ pa AP isolation náà. Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ tan hotspot fóònù kan, kí ẹ̀rọ èkejì so mọ́ ọn. Ẹ pa dátà fóònù náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o! LocalSend ò ní jẹ dátà yín, ṣùgbọ́n Windows tó bá ti fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtúnṣe tirẹ̀ wọlé láìbi yín. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ wò ó bóyá firewall, aṣọ́nà kọ̀ǹpútà yín, dí ojú ọ̀nà (port) 53317. Ibẹ̀ ni LocalSend ń gbà.

FileZilla ní tirẹ̀ mọ FTP àti SFTP, ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ ń gbà kó fáìlì fún ara wọn; orúkọ wọn jọra bí ìbejì, ìwà wọn ò jọra. FTP àtijọ́ máa ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà yín kọjá ní gbangba, ẹni tó bá ń dẹ etí sí Wi-Fi náà lè kà á. Ó tún lè pa fáìlì lára: FTP ní ọ̀nà ASCII tó máa ń yí ìparí ìlà padà, èyí tó dára fún ọ̀rọ̀ tó sì ń ba fídíò àti àwòrán jẹ́. FileZilla máa ń fojú orúkọ yan ọ̀nà, tí fáìlì tí kò ní .mp4 tàbí .jpg lẹ́yìn sì lè bọ́ sí ọ̀dọ̀ ASCII. Bí ó bá di dandan kí ẹ lo FTP, ẹ lọ sí Transfer, ẹ yan Binary. Bí kò bá di dandan, SFTP ni, ojú ọ̀nà 22.

Kí ẹni kankan má sọ pé kóòdù tí a ṣí sílẹ̀ kò lè ní jìbìtì nínú. Ní 2011, ẹnì kan kó ẹ̀dà vsftpd 2.3.4 (sọ́fúwíà tó ń sọ kọ̀ǹpútà di sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba àwọn ẹ̀rọ mìíràn lálejò, fún FTP) tó ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí síbi tí àwọn èèyàn ti ń gbà á. Ẹni tó bá fi àmì ẹ̀rín, :), sí orúkọ ìwọlé rẹ̀, sáfà á ṣí ojú ọ̀nà 6200 fún un. Àṣírí náà padà tú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: rsync, pẹ̀lú sùúrù

Fún ẹrù ńlá, rsync ni. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ló gbé e jáde ní 1996. Àṣẹ tí mo máa ń lò nìyí:

rsync -avP --dry-run /media/kaadi/DCIM/ soobu@192.168.1.20:/data/igbeyawo/

soobu@192.168.1.20 ni orúkọ ìwọlé àti àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tí ẹrù ń lọ, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. --dry-run ni kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe láì tíì ṣe é. Ẹ kà á tán, kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò, kí ẹ tún àṣẹ náà pa. -P ni kó má ju ààbọ̀ fáìlì nù bí wọ́n bá mú iná láàárín. Bí iná bá dé, ẹ pa àṣẹ kan náà, á lo èyí tó ti kó tẹ́lẹ̀. Scp, àṣẹ mìíràn tó ń kó fáìlì, ò mọ irú ìyẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń padà sí.

Ẹ wo ìlà wíwọ́ tó wà lẹ́yìn DCIM yẹn dáadáa. Bó bá wà níbẹ̀, ohun tó wà nínú DCIM ni rsync máa kó. Bí ẹ bá yọ ọ́, fódà DCIM fúnra rẹ̀ ló máa gbé lọ. Àìfiyèsí kékeré ni, títí ẹ ó fi ki --delete bọ̀ ọ́. --delete máa ń pa ohunkóhun tó wà lọ́hùn-ún tí kò sí níbí. Bí ìlà wíwọ́ bá ṣì wọlé, gbogbo ìgbéyàwó tó ti wà nínú /data/igbeyawo di ohun "tí kò sí níbí", yóò sì gbá a mọ́ tónítóní. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọọṣẹ́ kì í tẹ --delete.

Ẹ tẹ rsync --version pẹ̀lú. Ní oṣù kìíní 2025, wọ́n gbé 3.4.0 jáde láti dí ihò mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn burú fún ẹni tó bá ṣí rsync sílẹ̀ bíi sáfà. Bí ẹ bá ń lo Debian tàbí Ubuntu, nọ́ńbà lè kéré ju ìyẹn lọ kí wọ́n sì ti tún un ṣe. Ẹ ṣá jẹ́ kí ẹ̀rọ gba àtúnṣe rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣé ó pé?

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti dé, ẹ tún àṣẹ òkè yẹn pa, àmọ́ -avnc ni kí ẹ fi rọ́pò -avP --dry-run. Lẹ́tà c ni kó ka inú fáìlì lọ́tùn-ún lósì, kó má fi ìwọ̀n àti àkókò nìkan ṣe ìdájọ́. Fáìlì tó bá dárúkọ, kò pé nìyẹn. Ó máa ń pẹ́; ẹ lọ jẹun.

Ẹni tí kò lo rsync, kó ṣírò àmì ìdánimọ̀ fáìlì lápá méjèèjì. Linux: sha256sum oro-iyawo-kamera1.mp4. Windows: certutil -hashfile oro-iyawo-kamera1.mp4 SHA256. Nọ́ńbà àti lẹ́tà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni yóò jáde. Wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu láti orí dé ìrù, ọ̀kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ yàtọ̀. Káàdì tí a kò tíì yẹ̀ wò báyìí, inú agolo mílíìkì kan lórí tábìlì mi ló ń wà, ẹnì kan kì í sì í fọwọ́ kan agolo náà àfi èmi.

Syncthing ńkọ́? Ó dára fún kí fódà méjì máa jọra nígbà gbogbo. Ẹ má fi ṣe ibi ìpamọ́ o, nítorí ohun tí ẹ bá parẹ́ níbí, yóò parẹ́ lọ́hùn-ún, àfi tí ẹ bá ti tan File Versioning. Bí ẹni méjì bá sì tún fáìlì kan ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó rí òmíràn tí orúkọ rẹ̀ ní sync-conflict nínú. Ẹ má yára pa á rẹ́, ó lè jẹ́ pé òun ni iṣẹ́ tí ẹ ń wá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ bá rí àléébù tuntun

Ẹ kọ́kọ́ wá a nínú àwọn èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí àwọn tó ni sọ́fúwíà náà: ẹ̀dà wo ni ẹ ń lò, ẹ̀rọ wo, àṣẹ tí ẹ pa gan-an, ohun tí ẹ retí, ohun tó ṣẹlẹ̀. "Kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe ìròyìn. Ẹ fi -vvv sí rsync kó lè sọ gbogbo ohun tó ń ṣe, kí ẹ sì da ohun tó bá kọ mọ́ lẹ́tà yín. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ yọ orúkọ oníbàárà, orúkọ ìwọlé àti àdírẹ́sì sáfà yín kúrò nínú rẹ̀.