Ẹ Ká Ọsàn Yín Kúrò Lórí Igi: Àwọn Àṣìṣe Tí Kì Í Jẹ́ Kí Igi Yọ Òdòdó

Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ni fóònù mi kò ti sinmi. Láti Kábbà títí dé Ìsánlú, ìbéèrè kan náà ni: "Ẹ̀gbọ́n, òdòdó ọsàn mi dà?" Inú ń bí mi, nítorí owó gidi lẹ fi ra igi wọ̀nyí.

1. Ẹ má ra igi tí ẹ kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Igi méjì ni ọsàn tí a lọ́, ìyẹn èyí tí a mú ojú igi kan so mọ́ ìdí òmíràn: ojú Agége tàbí Valencia, tí wọ́n jẹ́ irú ọsàn dídùn, ló wà lókè, igi mìíràn ló ni gbòǹgbò. Tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ lẹ́mọ́ọ̀nù onípágunpàgun (rough lemon), igi á yára dàgbà, á fara da ọ̀gbẹlẹ̀ àti ilẹ̀ yanrìn, ṣùgbọ́n omi èso rẹ̀ kì í dùn tó. Tó bá jẹ́ Cleopatra, ẹ̀yà tánjarín kan, ló wà nísàlẹ̀, á mú kí èso dùn, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó so. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má baà gé igi tí kò ṣẹ̀ yín ní ọdún kẹta.

2. Ẹ má fi yẹ̀pẹ̀ bo ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ. Ìdí igi á jẹrà.

3. Ẹ ká ọsàn yín! Èyí ló ń dùn mí jù. Ọsàn ti pọ́n ní Kọkànlá oṣù, ẹ ní ẹ ó fi í sílẹ̀ dé Fẹ́búárì kí owó lè gorí owó. Èmi náà ṣe é rí, lórí igi ogójì, lẹ́bàá Ìyàrá. Mo rí owó náà gbà. Nígbà tí òjò dé, oko aládùúgbò mi funfun báláú, oyin ń hó lórí rẹ̀, òórùn òdòdó sì ń gba ojú ọ̀nà. Ewé nìkan ni tèmi yọ. Mo fa ẹ̀ka kan wálẹ̀: gbogbo ọwọ́ tó gbé èso títí di Fẹ́búárì, kò sí òdòdó kan níbẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo tí mo ti ká èso rẹ̀ ní Kejìlá oṣù fún àlejò ló yọ òdòdó.

Èso tó bá pẹ́ lórí igi ń jẹ oúnjẹ tó yẹ kí igi kó pamọ́. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní gibberellin sì ń ti inú èso jáde, tí kì í jẹ́ kí ojú igi di òdòdó. Bí ápù ṣe rí nílùú òyìnbó náà nìyẹn: kóró inú èso ọdún yìí ló ń dènà òdòdó ọdún tó ń bọ̀, ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń já lára èso wọn dànù nígbà tó ṣì kéré. Tánjarín ló burú jù níhìn-ín: á so ya ẹ̀ka lọ́dún kan, á ṣófo lọ́dún kejì. Nígbà tí èso rẹ̀ bá tó ọmọ ayò, ẹ já lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ọwọ́. Ẹ já a.

Àwọn tó gbẹ́ kànga sóko, ẹ má bomi rin àgbà igi láti Kejìlá dé Fẹ́búárì. Òǹgbẹ bí oṣù méjì ló ń jí òdòdó. Igi kékeré nìkan ni kí ẹ máa bomi fún. Yúríà àpọ̀jù, ewé ló ń mú wá.

Ẹ sì máa gé ọ̀mùnú tó bá yọ nísàlẹ̀ ojú ìlọ́. Ìyá kan ní Mọ́pà gbé ọsàn wá fún mi kí n tọ́ ọ wò, ó kan gógó. Ọdún márùn-ún ló fi tọ́jú igi náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, igi ẹlẹ́gùn-ún ló ti nípọn bí apá, kùkùté Agége tó rà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbígbẹ, kò ju àtàńpàkò lọ.