Ẹ ka iye búlọ́ọ̀kù kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀

Káfíńtà ni mí, Lágere ni ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí wá kan òrùlé ló ti ná owó tán kí n tó dé. Ilé á wà ní líńtẹ̀ẹ̀lì fún ọdún mẹ́ta, koríko á ti hù nínú pálọ̀. Kì í ṣe pé wọn ò lówó o. Wọn ò ka ohun tí wọ́n fẹ́ rà ni.

Ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ yíya ilé ló sọ fún mi pé láàárín 1908 sí 1940, ilé-iṣẹ́ Sears ní Amẹ́ríkà ń ta odidi ilé bí ẹni ń ta bẹ́ẹ̀dì. Èèyàn á mú èyí tó wù ú nínú ìwé àwòrán, wọ́n á sì fi ọkọ̀ ojú irin kó o ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó yá, wọ́n tilẹ̀ ń gé pákó sílẹ̀, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i lára, kí ẹni tó rà á kàn máa tò ó. Wọ́n ta lé ní 70,000. Èmi ò rí ẹni tó máa kó irú ẹ̀ wá sí Ifẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n a lè mú ọgbọ́n inú ẹ̀: ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà ni kó sọ bí yàrá yín ṣe máa fẹ̀ tó.

Ẹ wo pákó sọ́míìlì, ẹsẹ̀ bàtà 12 ni. Nígbà tí mo kọ́ ilé tèmi, mo ní kí bíríkìlà fún mi ní yàrá ẹsẹ̀ 12 nínú. Mo gbé igi ìdábùú sókè, ló bá kàn ń fara kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè gun orí ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá ni mo kan ẹ̀là mọ́ lórí. Èmi káfíńtà! Ìyàwó mi ṣì ń fi í ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.

Ní báyìí, ẹsẹ̀ 10 àbọ̀ ni mo ń ní kí wọ́n fún yàrá nínú. Ògiri íǹṣì 9 lọ́tùn-ún, íǹṣì 9 lósì, ẹsẹ̀ kan àbọ̀ nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12 géérégé. Pákó á jókòó lórí ògiri méjèèjì láìgé, láìfi ẹ̀là kún un.

Ó wá kan búlọ́ọ̀kù. Èyí tó nípọn ní íǹṣì 9 gùn ní 18, ó ga ní 9. Tí ẹ bá fi íǹṣì kan kún un fún sìmẹ́ǹtì àárín, ó di 19 ní gígùn, 10 ní gíga. Ògiri tó gùn ní ẹsẹ̀ 12, tó ga ní ẹsẹ̀ 10, á gba nǹkan bíi 91. Tí fèrèsé ẹsẹ̀ 4 níbùú, 4 lóòró bá wà níbẹ̀, ẹ yọ 12, ó ku 79. Ẹ fi márùn-ún sí i, torí èyí tó máa fọ́ lọ́nà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ògiri kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má fi sórí.

Kí gbogbo fèrèsé dọ́gba. Wẹ́dà á gé irin lẹ́ẹ̀kan náà, owó ẹ̀ á sì wálẹ̀.

Ẹ mú téèpù lọ sí sọ́míìlì. Mo ti wọn pákó tí wọ́n pè ní íǹṣì 4 tó jẹ́ 3 àbọ̀. Igi àfárá rọrùn láti gé lóòótọ́, àmọ́ ikán fẹ́ràn ẹ̀. Tí òun lẹ bá rà, ẹ fi oògùn ikán kùn ún dáadáa kó tó gòkè.

Ẹ má ṣahun sí etí òrùlé o. Ẹ lọ wo àwọn ilé kan tí Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, yà ní Yunifásítì wa níbí: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó ń ṣíji bo ògiri lọ́wọ́ òòrùn àti òjò. Ẹsẹ̀ méjì àbọ̀ ni mo máa ń yọ tèmi.

Tí owó bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, páànù àti irin ni kí ẹ máa rà sílẹ̀. Ti sìmẹ́ǹtì, ìwọ̀nba tí ẹ máa lò lọ́sẹ̀ náà ni, kí ẹ sì tẹ́ pákó sábẹ́ ẹ̀ kí ó má baà dì.