Ọjọ́rú ni wọ́n fi dá mi dúró, ọkọ mi sì wà níta

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ ni èmi àti ọkọ mi ń wá, ₦118,000 ni mo sì ti ná lórí àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó bi ọkọ mi ní ẹyọ ìbéèrè kan. Àyẹ̀wò tirẹ̀, ₦7,000 ni. Òun ló sì fi ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà hàn wá.

Aránṣọ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Tákìé. Mo ti pé ọmọ ọdún 32, ìgbéyàwó wa sì ti lé ní ọdún méjì, kí n tó lọ rí dókítà. Àgbo ló dá mi dúró. Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn mi, kì í wá kí wa lọ́wọ́ òfo, fúláàsì kan á tẹ̀ lé e wá, á ní, "Ìyàwó mi, mu ún kó tó tutù." Mo mu ún. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà ni mo tó gbọ́ pé bí tọkọtaya bá ti ń sùn papọ̀ déédéé fún ọdún kan gbáko, tí wọn kò lo ohunkóhun láti dènà oyún, tí kò sì sí nǹkan kan, ó ti yẹ kí wọ́n wá. Bí obìnrin bá ti lé ní 35, oṣù mẹ́fà ti tó. Ọdún kan tí mo fi jókòó ṣì ń dùn mí.

Káàdì gbígbà, síkáànì, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Kò sí ìju nínú ilé ọmọ mi, ẹyin mi sì ń jáde bó ṣe yẹ. Dókítà wá ní ó ku HSG: wọ́n á fi oògùn kan gba ojú ara wọ inú ilé ọmọ, wọ́n á máa fi X-ray wò ó bóyá yóò gba inú túùbù méjèèjì tí ẹyin ń gbà wá sí ilé ọmọ kọjá, tàbí ọ̀nà ti dí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

HSG ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí a bá ka ọjọ́ tí nǹkan oṣù dé sí ọjọ́ kìíní, láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹwàá ni wọ́n máa ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dá, ẹyin kò sì gbọdọ̀ tíì jáde, torí wọn ò fẹ́ kí X-ray kan oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so. Èyí yé mi. Ohun tí ẹnì kankan kò sọ fún mi ni pé Ọjọ́rú nìkan ni ilé ìwòsàn tí mo ń lọ ń ṣe é.

Lóṣù àkọ́kọ́, ọjọ́ Jímọ̀ ni nǹkan oṣù mi dé. Mo lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ keje gan-an, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì wo ìwé mi, ó ní, "Àǹtí, àná lẹ ò bá ti wá. Ó di oṣù tó ń bọ̀." Lóṣù kejì, mo lọ ní Ọjọ́rú. Ọjọ́ kẹfà ni, ẹ̀jẹ̀ kò tíì dá. Ó di oṣù tó ń bọ̀. Lóṣù kẹta, mo fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, mo lọ ní Ọjọ́rú kejì. Ọjọ́ kẹtàlá. Wọ́n ní ẹyin lè ti jáde, àwọn ò lè ṣe é. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀." Orí ọ̀kadà ni mo ti ń sunkún títí mo fi délé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣí ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà sí, mo fi rúlà fa ilà, mo to ọjọ́ sí i. Nǹkan oṣù mi kì í yẹ̀, ọjọ́ 28 ni géérégé. Ọjọ́ 28 sì ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò lé, kò dín. Tó bá ti lè dé ní Jímọ̀ lóṣù yìí, Jímọ̀ náà ni yóò dé lóṣù tó ń bọ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ keje á bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ìkẹwàá á bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́rú kò sí láàárín wọn, bí mo bá sì fi ọdún mẹ́ta lọ, kò ní sí níbẹ̀. Mo ń wo ìwé náà títí wọ́n fi mú iná lọ. Èmi aránṣọ ni mo rí i. Àwọn tó ń kọ ọjọ́ sórí káàdì mi lóṣooṣù kò rí i.

Mo gbé ìwé náà tọ nọ́ọ̀sì lọ. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ o, àǹtí." Ó dá a padà fún mi, ó pe ẹni tó kàn.

Mo bá gba Ìlọrin lọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù, mo béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é; wọ́n ní ojoojúmọ́, àfi Àìkú. Ọjọ́ kẹjọ, Jímọ̀, mo wọ mọ́tò. Àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó dùn mí bí inú rírun nǹkan oṣù tó le, ó sì rọlẹ̀. Obìnrin tó ṣe é yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ mi: ilé ọmọ mi rèé, ó rí ṣóńṣó nísàlẹ̀, ó fẹ̀ lókè, òwú tín-ín-rín méjì yọ lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, oògùn náà sì ń tú jáde lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan bí èéfín. "Méjèèjì ló là," ló wí. Mo gbá èsì náà mọ́ra dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Dókítà kà á tán, ó gbójú sókè. "Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé ó ti ṣe tirẹ̀?"

Ọkọ mi wà níta, lábẹ́ igi. Láti oṣù àkọ́kọ́ ló ti ń tẹ̀ lé mi wá. Kò sí ẹni tó pè é wọlé rí.

Wọ́n ní kó yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kó má sì ju ọjọ́ méje lọ. Ó yẹra fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ilé ló ti gba àtọ̀ náà, kó dé ọ̀dọ̀ wọn kí wákàtí kan tó pé, kó má sì jẹ́ kó tutù. Ó ki ike náà bọ abíyá lábẹ́ dàńṣíkí, ó gun ọ̀kadà, ó fún apá mọ́ ìhà pinpin. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó títí ó fi yà ní ìkóríta. Ìfẹ́ rẹ̀ kún ọkàn mi lọ́tun láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Èsì tirẹ̀ fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ mílíọ̀nù 6 ló wà nínú mìlílítà kan. Mílíọ̀nù 16 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ààlà ìsàlẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá iṣan tó wú nínú àpò kórópọ̀n rẹ̀ lápá òsì. Ó ní ó wọ́pọ̀, ó sì ṣeé tọ́jú. Ó ní bí tọkọtaya méjì bá ń wá ọmọ, nínú ọ̀kan, ọ̀rọ̀ á kan ọkùnrin. Kí ló wá dé tí wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀?

Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún ìyá rẹ̀. "Màmá, èmi ni wọ́n ń tọ́jú o." Màmá kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Bí ó ṣe gbé fúláàsì wá lọ́jọ́ náà ló ṣe gbé e padà.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ mú ọkọ yín wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí wọn ò tilẹ̀ pè é. Kí wọ́n kọ àyẹ̀wò tirẹ̀ sínú ìwé kí ẹ tó dìde. Tó bá sì kan HSG, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é, kí ẹ kà á pọ̀ mọ́ ọjọ́ yín kí ẹ tó sanwó.

Dókítà ní àtọ̀ máa ń tó oṣù méjì àbọ̀ kó tó dàgbà tán, nítorí náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni wọn yóò tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ ti iṣẹ́ abẹ. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.