Bí Mo Ṣe Ka Ìwé Òfin Iṣẹ́ Ọba Parí Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Aláró

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìwé wà nílé, àyè wà, ọkọ mi gba ọmọ lọ́wọ́ mi kí n lè ráyè kà á. Mo sì jókòó tì í lóòótọ́. Ojú mi ń kàwé, ọwọ́ mi ń ṣí i, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí ní ohun tó wà lójú ewé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán, mi ò ní rí nǹkan kan sọ. Mo lè ka ìlà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹfà. Tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀keje, ọkàn mi ti dé Ọjà Ọba, mo ti ń ná ata.

"Jókòó jẹ́ẹ́." Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Àwọn olùkọ́ sọ ọ́, ìyá mi sọ ọ́, nígbà tó yá èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ara mi. Ọdún tó kọjá, tí mo ti lé lẹ́ni ọdún 35, ni mo tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Kò bi mí nípa ìdánwò rárá. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń bi mí, ó ní kí n mú ìyá mi wá, nítorí pé ohun tó ń wò yìí, ó ti gbọ́dọ̀ hàn lára èèyàn kó tó pé ọmọ ọdún 12. Ìyá mi sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n rán mi níyọ̀ tí mo dé ọ̀dọ̀ oníyọ̀, tí mo kí i dáadáa, tí mo sì padà wálé lọ́wọ́ òfo.

ADHD ni dókítà pè é, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè pọkàn pọ̀, irú èyí tí ara lè dúró jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n tí ọkàn kì í dúró. Ó ní ibì kan wà tí ọpọlọ máa ń gbé ọ̀rọ̀ sí fúngbà díẹ̀ kó tó lò ó, pé tèmi kì í pẹ́ jò. Tí gbólóhùn bá gùn, kí n tó dé ìparí rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ. Ó tún ní nǹkan kan tó ń jẹ́ dopamine nínú ọpọlọ lọ́wọ́ nínú ìdí tí mo fi lè ka ìtàn tó dùn mọ́jú, tí ìwé òfin sì máa ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí ohun tí wọ́n fi ń bá mi wí gan-an nìyẹn: "O lè kà á tó bá wù ọ́." Nígbà tó sọ pé ó máa ń rìn nínú ẹbí, ìyá mi dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní, "Bàbá ẹ náà rí bẹ́ẹ̀." Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi dé oríta Ọláìyá ní Òṣogbo.

Oògùn wà fún un, ó dárúkọ methylphenidate. Ṣùgbọ́n irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè, tèmi sì ti ga díẹ̀ tẹ́lẹ̀. A jọ gbà pé ká kọ́kọ́ tún ọ̀nà tí mò ń gbà kàwé ṣe.

Ìwé tó wà níwájú mi ni Òfin Iṣẹ́ Ọba (Public Service Rules) tí gbogbo wa ń pè ní PSR, ẹ̀dà ọdún 2008. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo mú abẹ, mo gé e. Ọkọ mi figbe ta. Mo ya orí kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, mo fi pín-ìn-nì dè é. Odindi ìwé máa ń bà mí lẹ́rù kí n tó ṣí i, ṣùgbọ́n orí kan ṣoṣo ò tó ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn náà mo gé páálí bisikíìtì, mo lu ojú fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láàárín, kí n lè máa sún un sísàlẹ̀ bí mo bá ṣe ń kà. Ìlà kan ni mo kọ́kọ́ fi í gbà, kò dáa, ó ń gé gbólóhùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo fẹ̀ ẹ́ sí ìlà mẹ́ta, ó sì bọ́ sí i.

Ìyẹn ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Màmá Aláró ló gbà mí.

Agbo ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n ṣì ń fọwọ́ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọ́n á ṣẹ́ aṣọ funfun léra kí ojú ìṣẹ́po lè pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n á ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún, wọ́n á sì máa ya ojú kan tẹ̀ lé òmíràn. Ibi tí ẹ̀kọ bá bà, aró ò ní wọ ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo gbé orí kejì ìwé mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn nítorí ìmọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó ya ojú kan tán, mo ti ka ewé mẹ́ta. Mo pa ìwé dé, mo dán ara mi wò: mo rántí ohun tó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sí yàrá pẹ̀lú iná àti fáànù. Kò sí nǹkan kan. Mo padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún dókítà, kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní ọ̀pọ̀ wa ló máa ń rọrùn fún bí ẹlòmíì bá ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Mo bẹ màmá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè máa wá jókòó tì yín?"

Wọ́n ní, "Ìyá Tọ̀míwá, ìjókòó ò gbowó. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi á gbọ̀n."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí ìyẹ́ bá kan ojú tuntun, màá bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá yà á tán, tí wọ́n na ẹ̀yìn, èmi náà á dìde, màá rìn dé ìdí kànga padà. Bí ogún ìṣẹ́jú ni ojú kan máa ń gbà. Fóònù mi, ọwọ́ ọkọ mi ló máa ń wà.

Nídìí kànga ni mo ti máa ń fẹnu kà á jáde. Òfin kọ̀ọ̀kan nínú PSR ní nọ́mbà mẹ́fà: méjì àkọ́kọ́ ni orí, méjì àárín ni ìpín, méjì ìkẹyìn ni òfin fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé nínú ẹ̀dà ọdún 2008 tí mò ń kà yẹn, 030402, tó ka àwọn ìwà àìdáa tó burú jù lọ sílẹ̀, wà ní orí 3, ìpín 4, òfin 2. Nígbà tí mo mọ̀yẹn, àwọn nọ́mbà tó máa ń dà mí lójú rú wá di àdírẹ́ẹ̀sì ilé. Mo sọ àwọn ìwà náà di ohun tí mò ń fẹsẹ̀ tẹ̀: ayédèrú àkọsílẹ̀, ìgbésẹ̀ kan, fífi fáìlì pamọ́, ìgbésẹ̀ kan, pípa iṣẹ́ jẹ láìgbàyè, gbígba rìbá, gbígba owó oṣù níbi iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọdé agbo ilé kọ́ ọ mọ́ mi lẹ́nu.

Mo ti gbìyànjú kí n máa jí ní aago mẹ́ta òru bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é, ó sì ba ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ pátápátá. Tí irú wa ò bá sùn tó, ńṣe ló máa ń le sí i. Ẹ má ṣe é. Mo tún gba ohùn ara mi sílẹ̀ sórí fóònù: ó dáa fún àtúnkà nígbà tí mo bá ń fọ abọ́, àmọ́ kò ṣeé fi ka nǹkan tuntun.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló nira jù. Màmá lọ síbi ìsìnkú ní Ẹdẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìwé mi sì dúró. Ọjọ́ kejì ni mo pe Tọ̀míwá pé kó gbé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò tó ti màmá, nítorí ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ka ewé márùn-ún.

Ọjọ́ 38 ni gbogbo rẹ̀ gbà mí. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo ka ewé ìkẹyìn, aṣọ ti pọ̀ lórí okùn, ẹ̀kọ ti gbẹ lára wọn. Màmá na ẹ̀yìn, wọ́n wò mí, fún ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n bi mí léèrè:

"Kí ni wọ́n kọ síbi tó o kà tán yẹn?"

Mo sọ ọ́ fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìwé wà ní pípadé lórí ẹsẹ̀ mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n wá bá àwọn gbé aṣọ lọ sídìí ìkòkò aró.